Wọ́n Di Owó Kọ́ṣọ̀n Motọ́lání Mú, Èmi Ni Mo Tẹ̀ka Sí I

Atàǹpàkò ọwọ́ òsì mi ni mo fi ṣe é. Mi ò bú èèyàn, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Mo kàn fi ìka kan íńkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mi ò kàwé púpọ̀. Píráímárì mẹ́ta ni mo dé tí bàbá mi fi ní ó tó. Bó ṣe wà lẹ́nu mi ni màá ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Edé ni mo ń tà ní ọjà Creek Road, ní Port Harcourt níbí. Ó ti di ọdún kọkànlá tí mo ti ń tà á nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò ní ìsọ̀. Ilẹ̀ ni mo ń pàtẹ sí, níwájú ìsọ̀ ìyá Òkrìkà kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Mama Ibiere. Ọwọ́ ẹ̀ náà ni mo ti ń ra edé. Tí òjò bá ṣú, màá gbá ọjà mi mọ́ra, màá sá sábẹ́ páànù ẹ̀.

Tó bá di ká ná ọjà, ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀. Kì í ṣe ẹnu èèyàn ni mo máa ń gbọ́, ohùn ẹ̀ ni. Oníbàárà lè máa pariwo pé òun ò ní san ju báyìí lọ, tí mo bá ti gbọ́ ibi tí ohùn ẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, mo ti mọ iye tó wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀.

Motọ́lání, èmi ni mo mú un wá sí ìlú yìí. Ìṣẹ́yìn ni àwa méjèèjì ti wá. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú, "Àǹtí mi" ló máa ń pè mí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tú ìsàlẹ̀ àpò edé kó tó sanwó, kí wọ́n má baà ta yanrìn fún un. Nígbà tó yá, ó fi ẹja gbígbẹ kún tirẹ̀, ó ń gbé ọpọ́n kiri.

Ọdún 2017 la jọ gba yàrá ní kọ́ḿpáàǹdì kan náà ní Elelenwo. Yàrá kan, ilé ìwẹ̀ kan, kíṣìnnì bíńtín. Chief Dagogo ló ni ilé, òkè ló ń gbé. Kí ó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, a san owó ilé, a tún san kọ́ṣọ̀n, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ṣọ̀n yẹn, ọwọ́ láńdílọ́ọ̀dù ló máa wà. Lọ́jọ́ tí o bá ń kó jáde, tí o ò bá ba ilé jẹ́, wọ́n á dá a padà fún ẹ.

Chief wá ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá. Òun, ìwọ, ẹlẹ́rìí ẹ, ẹ jọ máa rìn yí yàrá ká, ẹ máa wo ògiri, ẹ máa wo ilẹ̀kùn, ẹ máa tẹ̀ka. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, ẹlẹ́rìí yẹn náà ló máa pè. Motọ́lání ni ẹlẹ́rìí mi. Èmi ni ẹlẹ́rìí ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni mo ń sọ báyìí. Ẹni tó bá wà ní Port Harcourt lásìkò yẹn mọ ohun tí ojú wa rí. Súùtù. Dúdú kan tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, láti ibi tí àwọn kan ti ń se epo rọ̀bì nínú igbó létí omi. O nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, o lè fi ìka kọ orúkọ ẹ sórí ẹ̀. O fọn imú, dúdú ló ń bọ̀. Ògiri gbogbo ilé, àjà gbogbo ilé, ṣe ló dà bí ìdí ìkòkò.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Motọ́lání sáré wọ yàrá mi. Kò kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ bá mi jó!"

"Kí ló dé? Ṣé o lóyún ni?"

"Ó ju oyún lọ! Mama Ibiere ń padà sí Òkrìkà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè jókòó ọjà mọ́. Èmi ni wọ́n fẹ́ gbé ìsọ̀ fún!"

Mo rẹ́rìn-ín. Eyín mi ló rẹ́rìn-ín.

"Ìsọ̀ wo?"

"Ìsọ̀ wọn náà! Mo ti san gbogbo ẹ̀ tán, ó ku fífítì táósàn. Wọ́n ní kó pé lọ́wọ́ àwọn kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Sátidé, pé ìyá oníràìsì tó wà ní òdìkejì ti mú káàṣì dání, ó kàn ń dúró ni. Mo ti rí yàrá kékeré kan ní Town, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Màá kó jáde lọ́túnla, Chief á fún mi ní kọ́ṣọ̀n mi, ó parí!"

Mo ní, "Ọlọ́run ṣé o." Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ti àkọ́kọ́ ò jáde dáadáa.

Ẹ gbọ́, mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀. Ohun tó ń gbé mi nínú ni bó ṣe máa rí. Màá wà nílẹ̀, lórí ọ̀rá, òun á wà lókè, lórí àpótí gíga Mama Ibiere. Tí òjò bá ṣú, ọwọ́ ẹ̀ ni màá ti máa tọrọ àyè. Ẹni tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di edé sínú nọ́ọ́lọ̀nù! Á wá máa sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ sún díẹ̀, kọ́sítọ́mà ń kọjá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Mama Ibiere.

"Mama, eleven years wey I dey your front. You no see me?"

Ó ń ká ẹsẹ̀ ẹ̀ sórí àpò, kò wò mí lójú. "Abiona, I see you well well."

"So why?"

"My pikin, you dey price person like say na fight. Eleven years, you never one day lef' me small gain. That girl go price me, two of us go laugh, I go still chop. Person wey go sit for my stool, make e be person wey people fit chop with."

Mo padà sídìí edé mi. Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan Motọ́lání bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Ẹ̀rín ẹ̀. Bí àwọn tó ń ta gbọ̀rọ̀ ṣe máa ń pè é ní "Fine Yoruba". Sílípáàsì tuntun tó wọ̀. Kódà bó ṣe ń kí mi pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nílẹ̀, mo ń wò ó pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní Wẹ́sìdeè, ó kó ẹrù sí fẹ́ránńdà. Mo wà lọ́jà nígbà yẹn, àwọn ará ilé ló sọ ọ́ fún mi: Chief Dagogo wá wo yàrá. Ó wọlé, ó gbé ojú sókè, ó bú sígbe.

"Who paint my house black?"

Motọ́lání ní, "Chief, na soot."

"Soot? Soot sign agreement with me? Na you sign. I go use that caution paint my wall."

"Chief, ẹ jọ̀ọ́, I need that money before Saturday! Call my witness. Na Àǹtí Abíọ́nà. She sabi how the room be."

Ẹ rí i? Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí. Ó fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, Chief ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Motọ́lání ti lọ sí Town lọ gbé àwọn ẹrù kan síbẹ̀.

"Abiona. The day she enter, that wall white abi e black?"

"White, Chief."

"Now e don black. Wetin black am?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò. Súùtù. Tí mo bá sọ ọ́, ó tán. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Chief. Ẹ mọ̀ pé etí mi ni mo fi ń jẹun. Ohùn ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ni. Ó ń wá ohun tó máa rà, ó sì ń bẹ̀rù pé mi ò ní í tà á.

Ó ní, "She dey smoke fish inside, abi?"

Mo ní, "Fish dey inside o, Chief. Fish plenty for that room."

Irọ́ kọ́. Páálí ẹja gbígbẹ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n ti yan láti Òkrìkà ni, ó kàn ń tà á ni. Motọ́lání ò yan ẹja rí láyé ẹ̀. Èéfín kékeré, ojú ẹ̀ á pọ́n. Mo mọ̀. Mo mọ gbogbo ẹ̀.

Chief rẹ́rìn-ín. "You be correct woman."

Ọjọ́ kejì, kí n tó jáde lọ sọ́jà, ó mú bébà kan wá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà. Ó mú íńkì dání.

"Wetin dey inside, Chief?"

"Na wetin you talk."

Èmi! Èmi tí mi ò lè ra kọ́ńgò edé kan láìti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kà á. Mo tẹ̀ka. Inú mi tutù bí ẹni pé mo mu omi. Mo lọ sọ́jà, mo sì tajà dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọ̀sán, Motọ́lání wá bá mi nídìí ọjà. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Àǹtí mi, Chief ní kò sí kọ́ṣọ̀n fún mi. Ó ní ẹnì kan nínú kọ́ḿpáàǹdì ti jẹ́rìí pé mò ń yan ẹja nínú yàrá. Kò dárúkọ onítọ̀hún."

Mo bu edé sínú kọ́ńgò, mo tún dà á padà.

Ó ní, "Chioma ni. Mo mọ̀ pé Chioma ni. Torí ọ̀rọ̀ okùn aṣọ yẹn."

Chioma ni aládùúgbò wa, ó ń ránṣọ. Òun àti Motọ́lání ti jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kí ni mo wí? Mo lè dákẹ́. Dídákẹ́ ìbá sàn.

Mo ní, "Chioma yẹn? Ẹnu ẹ̀ mú o."

Motọ́lání ò dúró. Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Elelenwo, ó lọ bá Chioma lẹ́nu ọ̀nà, ó bú u, ó bú ìyá ẹ̀. Wọ́n ní Chioma fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gún un. Nígbà tí mo délé, gbogbo kọ́ḿpáàǹdì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo bá wọn mi orí. Mo ní, "Ẹ wo ayé."

Motọ́lání wọlé wá bá mi. "Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ lọ́yà kan tó ń gbèjà ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti pè é. Ó ní òun á wá lọ́la."

"Lọ́yà? Torí fífítì? Motọ́lání, ọ̀rọ̀ lọ́yà kì í tètè parí o. Bẹ Chief, o gbọ́? Kó fún ẹ ní ìdajì."

"Ìdajì ò lè gba ìsọ̀, Àǹtí mi. Ẹ ṣáà máa wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin lẹ mọ òótọ́."

Fúráídè, nǹkan bí aago mẹ́rin, lọ́yà yẹn dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà kámbáásì, ó gbé báàgì pẹlẹbẹ kan kọ́ èjìká. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Barrister Boma. Gbogbo ayálégbé ti jáde. Chief náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Lọ́yà ní kí Motọ́lání mú rìsíìtì wá. Ó mú un wá. Lọ́yà fi ìka tọ́ka sí i.

Pìjìn ló ń sọ, ó rọra ń sọ ọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó láńdílọ́ọ̀dù. Owó ayálégbé ni, láńdílọ́ọ̀dù kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni. Tí láńdílọ́ọ̀dù bá fẹ́ yọ nínú ẹ̀, kó fi ohun tí ayálégbé fi ọwọ́ ara ẹ̀ bàjẹ́ hàn, kó sì fi iye tí àtúnṣe ẹ̀ jẹ́ hàn. Kò lè kàn jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ kó ní òun ò fún un mọ́.

Chief ní, "I get witness." Ó fa bébà yọ látinú àpò ṣòkòtò ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn èèyàn ti dí ọ̀nà.

Lọ́yà ka ìwé náà sókè. Ó ń kà á ní òyìnbó, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí Pìjìn. Ó ní èmi, Abíọ́nà, olùgbé yàrá kẹta, jẹ́rìí pé Motọ́lání ń fi igi yan ẹja nínú yàrá lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin. Pé mo fi ojú mi rí i. Ó tún kà á lọ. Pé súùtù kankan ò sí nínú kọ́ḿpáàǹdì yìí. Pé èéfín ìdáná àwọn ayálégbé ló ba ògiri gbogbo yàrá jẹ́.

Gbogbo yàrá.

Chioma pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ehn-ehn! So na you! And dis one come my door curse my mama wey dey inside grave!"

Nasir, ọmọ Ìlọrin tó ń jó irin, tó ń gbé yàrá tó kẹ́yìn, ló yé jù. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Gbogbo yàrá kẹ̀? Àǹtí, ṣé ẹ ti ta kọ́ṣọ̀n gbogbo wa ni? Yàrá mẹ́jọ! Ẹ ò tiẹ̀ bá wa ná an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná ọjà!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ.

Lọ́yà yíjú sí mi. "Madam, which room be room three?"

Ó wọ yàrá mi. Ó gun orí àga, ó fa tíṣù kan yọ, ó fi nu igun àjà. Tíṣù yẹn dúdú bíi bàtà ṣọ́jà. Ó gbé e jáde, ó na án sókè kí wọ́n rí i.

"Madam, you too dey smoke fish?"

"No, ma."

"Wetin you dey sell?"

"Crayfish, ma. Already dry."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí fẹ́ránńdà Chief, níbi tí òpó funfun méjì wà. Ó fa tíṣù tuntun yọ, ó nu òpó. Dúdú! Ó wo Chief láti òkè.

"Chief, who dey smoke fish for your own side?"

Kọ́ḿpáàǹdì dàrú. Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́, ìfé. Ìyàwó Chief gan-an ń fi ìbòrí bo ẹnu.

Motọ́lání nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí. Ó rọra rìn wá síwájú mi.

"Àǹtí mi, ẹ sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni."

"Chief fipá mú yín?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Ó fẹ́ kí n gba ibẹ̀ jáde. Mo mi orí pé rárá.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní, "Ìsọ̀ yẹn." Ìyẹn nìkan ló jáde.

Ó yíjú sí Chioma, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Chioma fà á dìde, ó ń gbá a lẹ́yìn, àwọn méjèèjì wá ń sunkún. Èmi dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Mo sọ òótọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Lọ́yà kọ ìwé mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á fún mi kó tó jẹ́ kí n tẹ̀ka. Ó sọ fún Chief pé tí kò bá sanwó, kóòtù ló kù. Chief ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n kò sówó nílé, báńkì ti pa, Mọ́ńdè ni òun lè san án. Ó fọwọ́ sí i.

Motọ́lání ní, "Sátidé ni mo nílò ẹ̀, ma."

Lọ́yà fọwọ́ kàn án léjìká. "My sister, I fit make am sign. I no fit put hand for him pocket."

Motọ́lání pe Mama Ibiere lórí fóònù. Ìyá yẹn ní òun ò lè yí i padà, ọkọ̀ tó máa kó ẹrù òun ń bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ìyá oníràìsì ti kó owó wá jókòó ti òun. Aago méjìlá.

Àwọn ará ilé gbìyànjú. Nasir mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá. Chioma tí wọ́n bú ìyá ẹ̀ mú mẹ́ta wá. Oṣù kìíní ni, gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ìwé. Kò tó ibì kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin. Mo sunkún. Ó ní, "Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ilẹ̀ dọ̀tí." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ pé ibí ló parí sí, mi ò ní í dà yín láàmú. Ohun tí mo ti sọ yìí, gbogbo kọ́ḿpáàǹdì mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló kù.

Mo ní owó náà.

Èmi ni mo gba àjọ ní Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún, nínú agolo mílíìkì, lábẹ́ àpò edé. Bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mo dúró láàárín wọn, mo ń nu ojú, mo sì mọ̀ pé owó wà nílé.

Nígbà tí gbogbo èèyàn wọlé tán, oòrùn ò tíì wọ̀. Mo ṣí agolo yẹn. Mo yọ fífítì sọ́tọ̀, mo wé e sínú nọ́ọ́lọ̀nù. Mo fẹ́ gbé e fún un, mo fẹ́ gbé e fún un lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn.

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé. Ìyá ẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo rò pé á máa ṣépè fún mi. Ìbá ṣépè fún mi! Tó bá ṣépè ni, ǹ bá ti kanlẹ̀kùn.

Ó ní, "Rárá, Mọ́mì, ẹ má bá ìyá wọn jà. Àǹtí Abíọ́nà ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, wọn ò kàwé. Wọ́n kàn ṣì í ṣe ni. Àwọn ló mú mi wá síbí, Mọ́mì. Mi ò lè gbàgbé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí inú mi rọ̀. Ṣe ló ru. Ìsọ̀ jẹ́ tirẹ̀, oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀, Mama Ibiere fẹ́ràn ẹ̀, gbogbo kọ́ḿpáàǹdì ń dáwó fún un. Ó tún wá fẹ́ ní inú rere jù mí lọ. Níbẹ̀ yẹn náà, ó fẹ́ wà lókè, kí n wà nílẹ̀.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo padà sí yàrá mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, mi ò lọ sọ́jà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, owó yẹn wà lábẹ́ ìtàn mi, mo ń wo aago tó wà lára fóònù mi. Aago mẹ́wàá. Mo ní, tó bá di kọkànlá, màá gbé e lọ. Kọkànlá lù, mo ní, mọ́tò wà, mo lè dé Creek Road kí ó tó di méjìlá. Kọkànlá àbọ̀. Mo wọ bàtà. Mo bọ́ ọ. Nígbà tó kọjá méjìlá, mo dùbúlẹ̀, mo sì sùn. Mo sùn dáadáa.

Ní Mọ́ńdè, Chief san kọ́ṣọ̀n, kò yọ kọ́bọ̀. Ìyá oníràìsì ti wà nínú ìsọ̀. Mama Ibiere dá owó tí Motọ́lání ti san tẹ́lẹ̀ padà fún un, ó ti lọ sí Òkrìkà. Motọ́lání ò lè dúró nínú yàrá Town yẹn mọ́ láìsí ìsọ̀. Ó kó lọ sí Alesa, ní Eleme, ibẹ̀ ló ti ń gbé ọpọ́n ẹja kiri títí di òní.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó lè wúlò fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba ilé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri, gbogbo àjà, ẹ jẹ́ kí láńdílọ́ọ̀dù rí i pé ẹ ń yà á. Ẹ ní kí wọ́n kọ kọ́ṣọ̀n sọ́tọ̀ nínú rìsíìtì, kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ owó ilé. Tí wọ́n bá di owó yín mú, ẹ wá ẹni tó mọ òfin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Bébà tí ẹ ò lè kà, ẹ má tẹ̀ka sí i, kódà kó jẹ́ pé àlùfáà ló gbé e wá.

Ṣùgbọ́n kò sí rìsíìtì tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ irú mi.

Ní Àjíǹde tó kọjá, Motọ́lání wá kí mi. Ó gbé ẹja ńlá méjì wá fún mi, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti là nítorí ìrìn. A jẹun pọ̀, a rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Chief àti òpó funfun.

Nígbà tó ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn máa dà yín láàmú mọ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣebí ẹ sọ òótọ́ lójú gbogbo ayé, kò sóhun tó tún kù."

Mo ní, "Ó ṣé, àbúrò mi."

Èyí tó mọ̀ ló dárí jì.